Yàrá Iwájú àti Ìwé Ìwọ̀n Ìyá Mi

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìkíni dúró díẹ̀. Mo fẹ́ kọ ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé ọ̀kankan níbẹ̀.

Ọkùnrin méjì àti obìnrin kan láti ọ́fíìsì ìjọba. Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Téèpù onírin kan, irú èyí tí àwọn káfíńtà ń lò. Fáìlì kan tí wọ́n fi rọ́bà dì. Ọkùnrin tó mú téèpù wọ̀n láti ẹnu ọ̀nà wa dé etí gọ́tà: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án. Ó wọn yàrá iwájú ní òró, ó wọ̀n ọ́n ní ìbú. Obìnrin náà ń kà, ọkùnrin kejì ń kọ: máṣíìnì ìránṣọ méjì, tábìlì ìgéṣọ kan, áyọ́ọ̀nù kan, jígí gígùn kan, àga mẹ́rin, aṣọ mọ́kànlá lórí okùn, mẹ́fà nínú wọn kò tíì ní apá. Wọ́n ka oníbàárà: ẹyọ kan, nọ́ọ̀sì tó ń rán aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Nọ́ọ̀sì ní òun kì í ṣe oníbàárà, òun kàn yà kí wa ni. Téèpù mi ṣì wà ní ìbàdí rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Ìyá àgbà gbọ́ ariwo téèpù láti yàrá inú. Wọ́n ké jáde, "Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá wọn ilé tán, ẹ yà wá wọn èmi náà, kí káfíńtà tó máa kan pósí mi má baà fi ìyẹn ṣe wàhálà." Onítéèpù ò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ kú ìsinmi."

Kí wọ́n tó lọ, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa ìlà méjì kọjá ara wọn sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n fún mi ní ìwé kan. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àdúgbò tí èèyàn ń gbé ni àdúgbò wa, kì í ṣe àdúgbò tí wọ́n ti ń ṣòwò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ọwọ́ fún ará ìta nínú ilé níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Wọ́n fún wa ní ogójì ọjọ́. Bí ìwé àṣẹ kò bá sí ní ọwọ́ wa nígbà yẹn, wọ́n á ti yàrá iwájú pa pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ kú òtútù ilẹ̀ àjèjì. Ṣé ikọ́ yẹn ti lọ? Ara Ìyá àgbà le láti ìbàdí sókè. Ẹsẹ̀ ni kò tíì gbà.

Ẹ mọ̀ pé n kò lè gba ṣọ́ọ̀bù síta. Ìyá àgbà kò lè dá dìde. Bí wọ́n bá pè mí nígbà tí mo wà lórí máṣíìnì, ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá ni mo fi ń dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo ti kà á. Láti ibi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù wà, ìrìn ogójì ìṣẹ́jú ni.

Orúkọ yín ló wà lórí ìwé ilé. Obìnrin náà ní ẹnu onílé ni àwọn fẹ́ gbọ́. Mo kọ àdírẹ́sì ọ́fíìsì wọn sẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ̀wé.

Ọmọ yín,
Adákẹ́


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. N kò tíì rí èsì yín, ṣùgbọ́n n kò lè dúró dè é, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí dára.

Mo lọ sí ọ́fíìsì náà lánàá. Mo jókòó láti aago mẹ́jọ títí dé aago méjìlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Akọ̀wé kan tó wọ gíláàsì ló pè mí. Ó béèrè ìgbà tí wọ́n ti ń ránṣọ nínú yàrá yẹn. Mo ní láti ọdún tí a kó wọlé, ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn. Ó gbé ojú sókè. Ó ní, "Ìyẹn ṣáájú òfin. Kí ló dé tí o ò tètè sọ?"

Bàbá, ó ṣí ìwé òfin hàn mí, mo sì fi ojú ara mi kà á. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni òfin náà jáde. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò lè rí ìwé àṣẹ gbà ní àdúgbò wa rárá. Ṣùgbọ́n ilé tí iṣẹ́ ti ń lọ nínú rẹ̀ kí òfin tó dé, tí iṣẹ́ náà kò sì dúró, wọn kò lè lé e. Wọ́n á fún un ní ìwé àṣẹ bí ó bá mú ẹ̀rí wá, tí onílé sì fọwọ́ sí i.

Mo padà sílé mo lọ mú ìwé ìwọ̀n ìyá mi. Ẹ rántí rẹ̀, ìwé tí wọ́n fi àjákù aṣọ aláwọ̀ ewé bò lẹ́yìn. Ọjọ́ tí wọ́n wọn oníbàárà kọ̀ọ̀kan wà lókè ojú ewé. Láti ọdún kìíní títí di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kú, lẹ́yìn náà ìkọ̀wé tèmi, láti ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìsìnkú. Ìwọ̀n yín ló wà ní ojú ewé kìíní: ejìká, àyà, gígùn apá. Ìyá mi kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Eléyìí kì í dúró jẹ́ẹ́." Akọ̀wé rẹ́rìn-ín nígbà tó kà á. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ wá wò ó. Ó ní òun ti rí oríṣiríṣi ẹ̀rí lórí tábìlì yìí, òun kò rí èyí tó ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní kí n fi ìwé náà sílẹ̀ sínú fáìlì. N kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀.

Lẹ́tà yín nìkan ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ báyìí gẹ́lẹ́, kí ẹ má fi nǹkan kan kún un: "Láti ọdún tí a ti kó wọ ilé mi ni ìyàwó mi ti ń ránṣọ fún ará ìta nínú yàrá iwájú. Ọmọ mi ń bá iṣẹ́ náà lọ. Mo fọwọ́ sí i." Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ kọ ọjọ́. Ó gbọ́dọ̀ dé kí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀ tó pé.

Ìyá àgbà ní kí n sọ fún yín pé ìyàwó yín ṣì ń gbà yín níjà láti inú ilẹ̀.

Ọmọ yín,
Adákẹ́


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì

Adákẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Mo kí ìyá wa àgbà. Ikọ́ ti lọ, òtútù ló kù, èyí kì í sì í lọ níbí. Àlejò tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dìde ni. Àná ni lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ìyẹn tí o fi ka àwọn àga fún mi. Ìṣẹ́jú tí mo kà á tán ni inú mi ti gbóná.

Èmi yóò bá ọ wí ná. Ṣé gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn ni à ń ṣí i fún? Ẹni tó mú téèpù dání láàárọ̀ kùtù, ṣé ìyẹn jọ ẹni tó wá kíni? Nọ́ọ̀sì yẹn gbọ́n jù ọ́ lọ. Ó mọ̀ pé ẹni bá jẹ́wọ́ ni wọ́n ń rí mú. Ìwọ dúró, o ń wo ojú wọn, o jẹ́ kí wọ́n ka ohun gbogbo. O gbọ́n nínú ìwé, ṣùgbọ́n o kò tíì mọ àwọn èèyàn yìí. Èmi mọ̀ wọ́n.

Má fòyà mọ́. N kò fi í dọ̀la. Lálẹ́ àná náà ni mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn tààrà, mo sì fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, irú ìfìránṣẹ́ tí wọ́n máa ń fọwọ́ sí kí wọ́n tó gbà. Mo ní kí ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ bá mi lu òǹtẹ̀ sí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé èèyàn gidi ni bàbá rẹ. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Èmi tí mo ni ilé yìí ń fi dá yín lójú pé kò sí òwò kankan nínú ilé mi, kò sì sí rí. Olóògbé ìyàwó mi kì í ṣe télọ̀. Aṣọ àwa ará ilé nìkan ló ń rán. Ọmọ mi obìnrin ń fi abẹ́rẹ́ ṣeré ọwọ́ ni, kì í gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ilé mi sílẹ̀."

Ṣé o rí i? Kò sí ibi tí wọ́n á gbà wọlé. Ní báyìí, da aṣọ bo máṣíìnì méjèèjì. Gbé bẹ́ẹ̀dì sí yàrá iwájú. Bí wọ́n bá tún wá, sọ fún wọn pé ibi tí o ń sùn ni.

Ohun kan kù o. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi méjèèjì ti gbó. Bá mi rán méjì, aláwọ̀ funfun, kí apá rẹ̀ gùn díẹ̀. O ní ìwọ̀n mi.

Èmi bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́.

Lẹ́tà yín sí ọ́fíìsì fi ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú lẹ́tà yín sí mi dé. Akọ̀wé ránṣẹ́ pè mí. Ó kà á fún mi sókè. Nígbà tó dé "kì í ṣe télọ̀", ó dúró, ó yọ gíláàsì, ó nù ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó rò pé ojú òun ló ṣì í kà.

Ó béèrè pé, "Ṣé ìkọ̀wé bàbá rẹ nìyí?"

Mo ní òun ni.

Ó mú mi wọlé sọ́dọ̀ ọ̀gá wọn. Onítéèpù wà níbẹ̀ náà. Ọ̀gá gbé lẹ́tà yín sí ọ̀tún, ó gbé ìwé ìwọ̀n sí òsì. Ó ní, "Onílé ti sọ̀rọ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ta ni ká gbà gbọ́, bàbá ni àbí ìwé tí ẹnikẹ́ni lè jókòó kọ lálẹ́ ọjọ́ kan?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ wo yíǹkì rẹ̀. Ó ti ṣá. Ẹ wo ojú ewé, bí ó ṣe gbó. Ẹ̀rù ló ba bàbá mi."

Ó ní, "Ẹ̀rù kì í kọ̀wé, ọmọ mi. Èèyàn ní í kọ̀wé."

Ojú Onítéèpù wà nílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, èmi rí máṣíìnì níbẹ̀ o. Kì í ṣe ti eré ọwọ́." Ọ̀gá ní ìyẹn náà ló burú jù: iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀ lónìí, onílé sì ní kò sí i rí. Nítorí náà, lẹ́yìn tí òfin dé ló bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kò lè rí ìwé àṣẹ. Ìwé ìwọ̀n di ayédèrú ẹ̀rí. Wọ́n lu òǹtẹ̀ pupa sí ojú ewé kìíní, lórí ejìká yín àti àyà yín. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá a padà fún mi, nítorí ọwọ́ ìyá mi ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ohun tó bá ti wọ fáìlì kò ní jáde mọ́.

Lánàá ni ogójì ọjọ́ pé. Wọ́n dé ní aago mẹ́sàn-án. Wọ́n fi àgádágodo kan ti ilẹ̀kùn ìta, wọ́n fi ọ̀kan ti ilẹ̀kùn tó wọ inú ilé, wọ́n lẹ ìwé mọ́ méjèèjì. Onítéèpù ló di ìwé náà mú fún ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn la ń gbà báyìí. Àwọn oníbàárà ń dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí aṣọ ara wọn. Aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lórí okùn. Apá kan ṣoṣo ló ní.

Mo ti fi ìwọ̀n tí mo mọ̀ lórí gé ṣẹ́ẹ̀tì yín méjèèjì nígbà tí lẹ́tà yín dé, kí wọ́n tó ti yàrá náà. Wọ́n wà lórí tábìlì nínú ibẹ̀. Mo lè rí wọn láti ìta bí mo bá fi ọwọ́ bo ojú.

Ẹ kò dúró gba lẹ́tà mi kejì. Mo ti ka ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà mi kejì àti tiyín: ọjọ́ méjì péré ló wà láàárín wọn. Ẹ kò sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo kí ẹ tó dá wọn lóhùn.

Mo ka lẹ́tà yín fún Ìyá àgbà nítorí wọ́n ní dandan ni kí n kà á. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọmọ mi kú lẹ́ẹ̀kan. Àna mi tún wá fi bíírò pa á lẹ́ẹ̀kejì." Mo ṣe bí ẹni pé n kò ní kọ ọ́ sí yín. Mo ti kọ ọ́.

Adákẹ́


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

N kò mọ irú ìkíni tí mo lè fi bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà rẹ kejì dé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kẹta oṣù tó kọjá. Nígbà tí mo ka ibi tí o ti sọ ohun tó yẹ kí n kọ, mo jókòó sílẹ̀ lórí àpò aṣọ ìdọ̀tí níbi iṣẹ́. Mo sáré lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ bóyá wọ́n lè bá mi dá ti àkọ́kọ́ padà. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní, "Bàbá, ó ti rin ìrìn ọjọ́ méjìlá." Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ̀wé sí ọ tí mo ń fà á ya, títí tí tìrẹ tún fi dé.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún ọ rí. O rò pé yàrá tí mo gbà lọ́dún tí mo dé ni mo ṣì wà. N kò sí níbẹ̀ mọ́, ó di ọdún méjì; ibi iṣẹ́ ni lẹ́tà rẹ ń bá mi. Nígbà náà, mo máa ń tún rédíò ṣe nínú yàrá náà lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn èèyàn ń gbé rédíò wá, wọ́n ń pè mí ní Bàbá Rédíò, inú mi ń dùn sí i. Lọ́jọ́ kan ni ọkùnrin méjì wá, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n fà mí lọ́wọ́. Wọ́n bi mí pé, "Bàbá, rédíò mélòó lọ́sẹ̀?" Mo sọ òtítọ́ fún wọn, mo tilẹ̀ fi kún un, kí wọ́n má baà rò pé iṣẹ́ mi kò tà. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i. Ohun tí mo fọwọ́ sí yẹn ni wọ́n fi kó irinṣẹ́ mi lọ, òun ni onílé fi lé mi jáde. Àwa mẹ́fà là ń sùn nínú yàrá kan báyìí, lẹ́yìn ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. N kò sọ fún ọ nítorí pé bàbá ni mí.

Nítorí náà, nígbà tí o kọ ọ́ pé ẹnì kan mú téèpù wá, kì í ṣe ìwọ ni mo ń wò. Ara mi ni mo ń wò. Mo sọ pé wọn kò ní fi òtítọ́ mú ọmọ mi bí wọ́n ṣe fi mú mi. N kò mọ̀ pé òfin lè wà níbì kan tó jẹ́ pé òtítọ́ ló máa gba èèyàn là.

Lẹ́tà tuntun wà nínú àpò ìwé yìí, gẹ́lẹ́ bí o ṣe pè é. N kò fi nǹkan kan kún un. Mú un lọ bá wọn.

Sọ fún Ìyá wa pé mo dọ̀bálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gan-an, láàárín àwọn bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń gbé béèrè bóyá nǹkan mi ló sọnù sílẹ̀, ó sì tan iná láti bá mi wá a.

Dárí jì mí.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìfaradà láàárín èèyàn mẹ́fà.

Lẹ́tà yín tuntun dé lọ́jọ́ kẹrìndínlógún. Mo mú un lọ lọ́jọ́ kejì. Akọ̀wé tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ lórí tábìlì. Ọwọ́ kan náà, ènìyàn kan náà. Ó wọlé bá ọ̀gá, ó jáde. Ó ní, "Ọ̀gá ní ẹnu kan ò lè sọ ọ̀rọ̀ méjì nínú fáìlì kan. Wọ́n ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọdún kan." Ó bá mi rìn dé ẹnu géètì.

Kí lẹ́tà yín tó dé ni mo ti gba iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Etí ṣòkòtò ni mo ń ṣẹ́, aago méje àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kí n tó jáde, mo máa ń fi omi, ife, oúnjẹ àti garawa sí ibi tí ọwọ́ Ìyá àgbà lè dé. Mo tún fún wọn ní ìdérí ìkòkò àti ṣíbí. Bí nǹkan bá ṣe wọ́n, kí wọ́n fi ṣíbí lu ìdérí, Tíṣà tó fẹ̀yìn tì lójúlé kejì á gbọ́, á sì wá. Ìyá àgbà ní òun ti di agogo ilé ìwé.

Lọ́jọ́ kejìlélógún, Tíṣà gbọ́ ìró ṣíbí nígbà tí aago mẹ́wàá ń lọ lù. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Ó ń múra àtijáde, ó dúró, kò gbọ́ ọ mọ́, ó rò pé ó bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn ni. Ó jáde. Aago mẹ́fà kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni mo wọlé. Wọ́n wà nílẹ̀ nínú ọ̀nà àárín, ọwọ́ wọn wà lára ilẹ̀kùn yàrá iwájú, níbi tí wọ́n lẹ ìwé mọ́. Ilẹ̀ tútù. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìkan ni pé, "Ẹnì kan ń kan fèrèsé. Mo ní kí n lọ sọ fún un pé o ò sí ńlé." Láti ọjọ́ kejì rẹ̀, wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà ní kí a máa wò ó. Ojú wọn ń tẹ̀ lé mi kiri ilé.

Mo ka ìṣísẹ̀ láti bẹ́ẹ̀dì wọn dé ibi tí mo ti bá wọn. Mẹ́jọ ni. Èèyàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e láti ọdún méjì.

Mo fi iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹrìnlélógún. Kò sí ẹni tó lè dúró tì wọ́n.

Ẹ ní kí n dárí jì yín. Mo ti ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. N kò ní kọ ohun tí kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tí rédíò yẹn ṣe fún yín, mo sì mọ̀ pé èmi ni ẹ fẹ́ gbà là. Ìyẹn ni mo lè fọwọ́ sí lónìí.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ tún kọ lẹ́tà kan, kì í ṣe sí ọ́fíìsì. Èmi ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ má lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹ kọ bí ìyá mi ṣe ń jókòó sídìí máṣíìnì, aṣọ tí wọ́n kọ́kọ́ rán nínú yàrá yẹn, ẹni tó ni ín, ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ tí wọ́n wọ̀n yín tí ẹ kò dúró jẹ́ẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé télọ̀ ni wọ́n. Kò sí ibòmíràn tí a kọ ọ́ sí mọ́ tí ọwọ́ mi lè dé.

Lónìí, mo wẹ Ìyá àgbà, mo yí wọn sí ọ̀tún, mo fún wọn ní omi ṣíbí mẹ́fà. Mo fọ aṣọ wọn, mo sá a. Mo gbá ọ̀nà àárín. Nọ́ọ̀sì wá wo ẹsẹ̀ wọn, kò béèrè aṣọ rẹ̀. Nígbà tó lọ, mo wo yíká. Ilé mọ́. Kò sí ohun tó ń dúró dè mí. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti fi abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́, n kò fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lójú ọ̀sán rí. Wọn kì í gbà. Mo tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé ẹ̀yìn, ó mọ́lẹ̀ dáadáa, èèyàn lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ níbẹ̀ láìlo gíláàsì.

Mo kàn tún mú bíírò láti kọ aago rẹ̀ sílẹ̀ ni: aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo dùbúlẹ̀.